Ẹ̀rọ Tí Kì í Dé Ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà

Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Atẹ̀wé kì í sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá sì tán, kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ náà. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni. Ìwé ló ń bá àwọn èèyàn tẹ̀: ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé àdéhùn, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹlẹ́rìí bá sọ níwájú adájọ́. Nínú ilé oníyàrá méjì tó ń gbé, èyí tó kọjú sí títì ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Tábìlì kan ló wà níbẹ̀, àga méjì, fèrèsé kan, àti aago ara ògiri kan tó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yá ju aago ẹlòmíràn lọ. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún aago náà ṣe. Ó ní òun mọ iye tó fi ń purọ́, ìyẹn sì ti tó òun.

Orí tapuréta ló ti kọ́ṣẹ́, láyé ìgbà tí bọ́tìnnì le bí àgbàdo gbígbẹ. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló fi ń tẹ̀wé, kì í sì í wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn èrò ọ̀nà a máa dúró lójú fèrèsé wò ó bí ẹni ń wo onídán. Òun ò rí ìdán níbẹ̀. Ó ní ẹni tó ń jẹun kì í wo ẹnu ara rẹ̀.

Láàárín ọdún mẹ́fà, láptọ́ọ̀pù méjì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀kẹta sì wà lójú ikú. Èkíní fẹ́lẹ́ bí àwo pẹrẹsẹ, àwọ̀ fàdákà ló ní. Ọdún kan àti oṣù méjì ló lò, ọdún kan sì ni wọ́n fi dúró fún un pé kò ní bàjẹ́. Èkejì wá pẹ̀lú àpò àti máòsì ọ̀fẹ́. Àpò náà ṣì wà, máòsì náà ṣì wà. Ẹ̀kẹta ló wà lórí tábìlì: lẹ́tà kan nínú rẹ̀ kì í jáde àfi bí èèyàn bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, bíríkì ló fi ti ìdérí rẹ̀ lẹ́yìn kó má baà dojú sókè, ó sì máa ń kú nígbà tó bá wù ú, á tún jí nígbà tó bá wù ú, bí ẹni tí kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dínwó ni wọ́n fi ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni inú rẹ̀ ti dùn sí ẹ̀dínwó.

Ẹni tó ń gbé iṣẹ́ fún un jù ni lọ́yà kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè báńkì, ọkùnrin gíga kan tó máa ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ sọ bí ẹni pé wọ́n ń wọn ọ́n fún un. Bí Àǹtí Atẹ̀wé bá tẹ ojú ìwé mẹ́wàá, mẹ́fà jẹ́ ti Lọ́yà. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀rọ kẹta yìí dákú, ó sì gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí méjì lọ. Lọ́yà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ó wo ẹ̀rọ, ó wo bíríkì.

"Àǹtí," ó ní, "ẹlẹ́rìí méjì wọ inú nǹkan yìí láàyè. Wọn ò jáde mọ́."

"Ẹ má bínú, sà. Mo ti ń tún un tẹ̀."

Kò bínú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó gbé iṣẹ́ mìíràn dé, èyí tó tóbi ju gbogbo èyí tó ti gbé wá rí lọ. Ẹjọ́ àwọn ayálégbé ilé alájà mẹ́rin kan àti onílé wọn ni: ẹlẹ́rìí mọ́kànlá, ohùn wákàtí mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí wọ́n gbà sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ nínú fláàṣì kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni kọ́ọ̀tù fún un.

"Tó bá di ọjọ́ kejìlélógún, kọ́ọ̀tù ò ní gbà á," Lọ́yà ní. "Èmi àtẹ̀yin ti ń bọ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ yín bá tún kú lórí iṣẹ́ mi, àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀wé níwájú kọ́ọ̀tù ni n ó máa gbé e fún. Kì í ṣe ìjà o."

"Mi ò pè é níjà, sà."

Nígbà tó lọ tán, Àǹtí Atẹ̀wé fọwọ́ lẹ́rán. Bí mẹ́fà bá kúrò nínú mẹ́wàá, mẹ́rin ló kù, mẹ́rin ò sì lè gbé ilé dúró. Owó kan wà tó ti ń tọ́jú láti fi tún eyín rẹ̀ ṣe, èyí tó ń ro ó lápá òsì. Ó fi ahọ́n kan eyín náà wò. Eyín á ṣì ní sùúrù.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin gbọ́, ó sì dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Tíṣà ìṣirò ni. Kò sí ohun tó wà láyé tí kò tíì wo fídíò nípa rẹ̀ lórí fóònù.

"Àǹtí mi, èyí tẹ́ ẹ máa rà rèé," ó ní, ó na fóònù sí i. "Ẹ wo bó ṣe fẹ́lẹ́. Wọ́n fi gé èso ápù sí méjì nínú fídíò yìí."

"Mi ò ní nǹkan tí mo fẹ́ gé."

"Iná ń tàn lábẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀, oríṣi àwọ̀ mẹ́ta."

"Èmi kì í wo bọ́tìnnì."

"Tó bá ti rí ojú yín, á ṣí fúnra rẹ̀."

"Tí ojú mi bá wú ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ eyín ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀. "Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ gan-an?"

"Èyí tí kò ní kú."

"Kò sí èyí tí kì í kú."

"Èyí tó máa sin mí, nígbà náà."

Lọ́jọ́ kejì, kò gba ọ̀nà ọjà. Ọ̀dọ̀ Ẹnjiníà ló lọ, ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé alágbàfọ̀, ẹni tó tọ́jú àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ìṣáájú títí wọ́n fi kú. Ó gbé àga tirẹ̀ dání, ó mú ìwé àjákọ kan àti lẹ́ẹ̀dì kan. Ó gbé àga náà sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó jókòó.

Ẹnjiníà wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá ó gbé òkú dání. "Màmá, kí ló tún ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Àwọn aláìsàn ni mo wá wò."

Bó ṣe rò ó nìyí: láptọ́ọ̀pù tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù dà bí ìyàwó ọjọ́ ìgbéyàwó, kò sí èyí tó burẹ́wà níbẹ̀. Ẹnu ọlọ́jà náà kì í korò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ èyí tí ara rẹ̀ le, ẹnu ọ̀nà hòsípítù ni kó lọ jókòó sí, kó máa ka àwọn tó ń wọlé.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi jókòó síbẹ̀. Gbogbo èyí tí wọ́n bá gbé dé, ó ń kọ irú rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, àti ohun tó ń ṣe é. Orúnkún ló ń pa àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jù. Orúnkún ni Ẹnjiníà ń pe ibi tí ìdérí ti ń ká. Òmíràn, ẹnu tó fi ń gba iná ló ti yẹ̀. Obìnrin kan gbé ọ̀kan dé tí bátìrì rẹ̀ wú bí búrẹ́dì, gọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi lẹ bátìrì náà mọ́ inú, ni Ẹnjiníà bá ń fi okùn tín-ín-rín fà á jáde díẹ̀díẹ̀, tó ń làágùn, tí kò sì mí dáadáa. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn oníbàárà ti gbà pé Àǹtí Atẹ̀wé ni akọ̀wé ibẹ̀. Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ wọn lé e lẹ́sẹ̀.

"Ṣé ó ti ń ṣe é tipẹ́?" á bi wọ́n.

"Ọjọ́ mẹ́rin, mà."

"Ṣé ó ṣubú ni?"

"Rárá, mà. Ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, ó bá kú."

"Bí tèmi ṣe ṣe nìyẹn," á ní, á sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní òpin ọjọ́ kẹta, aláìsàn mọ́kànlélógójì ló wà nínú ìwé àjákọ rẹ̀. Ó fi lẹ́ẹ̀dì tọ́ka láti òkè dé ilẹ̀. Oríṣi kan wà tó dúdú, tó nípọn, tí igun rẹ̀ mú, tí kò ní ẹwà kankan. Ẹyọ méjì péré ló dé. Ìkíní ti lo ọdún mẹ́sàn-án, bátìrì ló wá pààrọ̀. Ẹni tó ni ìkejì kàn fẹ́ kí wọ́n fẹ inú rẹ̀ sí i kó lè gba nǹkan púpọ̀.

"Ìyẹn ò ṣàìsàn," Ẹnjiníà ní. "Ó wá kí wa ni. Pósí là ń pe irú rẹ̀ níbí, nítorí ìrísí rẹ̀. Kì í mú èrè wá fún mi, Màmá. Bí gbogbo èèyàn bá ń ra pósí, ebi ni n ó máa jẹ."

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ rí ìwé àjákọ náà, ó kà á tán, ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí mi, èyí ò dúró. Ẹ jẹ́ kí n fi yé yín bí tíṣà. Bí ẹ bá jókòó síwájú hòsípítù, tẹ́ ò rí erin kankan kó wọlé, ṣé torí pé erin kì í ṣàìsàn ni? Erin ò sí ládùúgbò ni. Bóyá ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ ra pósí yín."

Àǹtí Atẹ̀wé ronú sí i títí omi tíì tó gbé kaná fi gbẹ. Ó rí i pé òótọ́ lọ̀rọ̀ àbúrò òun, ohun tí kò fẹ́ràn láti máa rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó padà sọ́dọ̀ Ẹnjiníà, láìgbé àga lọ́tẹ̀ yìí.

"Erin mélòó ló wà ládùúgbò?"

Nígbà tó ṣàlàyé tán, Ẹnjiníà gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. "Hòsípítù tó wà ní ìsọdá afárá, èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Pósí ogójì ni wọ́n ní. Ó di ọdún kẹjọ."

"Mélòó ló ti lọ?"

"Ẹyọ kan."

"Kí ló pa á?"

"Wọ́n jí i gbé."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Kí ló ṣe àwọn tó kù?"

"Nọ́ọ̀sì kan da tíì sórí ọ̀kan. Ihò wà lábẹ́ rẹ̀, tíì gba ibẹ̀ jáde. Tábìlì ló bàjẹ́."

Ọjọ́ kẹfà tí Lọ́yà ti gbé iṣẹ́ dé ló tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta láptọ́ọ̀pù. Ọlọ́jà náà wọ táì, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé Àǹtí Atẹ̀wé lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń retí láàárọ̀ yìí."

"O ò mọ̀ mí rí."

Ọlọ́jà mú un lọ síwájú èyí tí àbúrò rẹ̀ fi hàn án. Àǹtí Atẹ̀wé fa àga, ó gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì, ó gbójú sókè wo àjà, ó tẹ ojú ìwé kan tó mọ̀ sórí. Nígbà tó wolẹ̀, àṣìṣe méje ló wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì náà kò jìn, bí ìgbà téèyàn ń fi ìka gbá orí tábìlì. Ó béèrè pósí.

Ọlọ́jà náà ní láti wá a. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, lábẹ́ páálí wáyà. "Ti àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nìyí, Màmá. Àwọn èèyàn kì í sábà béèrè rẹ̀." Ó dárúkọ iye rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́.

Àǹtí Atẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i, ó ń pa á dé, ó ń kà á jẹ́jẹ́. Nígbà tó dé méjìlélógún, ọlọ́jà kò lè mú un mọ́ra.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ilẹ̀kùn."

"Ilẹ̀kùn ni. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni mò ń ṣí i lójúmọ́. O ti da kíkà rú mọ́ mi lójú." Ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.

Nígbà tó di àádọ́ta, ó fi ọwọ́ kan gbé e ní igun kan ṣoṣo, ó tẹ́tí sí i bóyá yóò ké. Kò ké. Ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ka síkúrù ìdí rẹ̀, ó béèrè bóyá síkúrù ló mú bátìrì inú rẹ̀ àbí gọ́ọ̀mù. Síkúrù ni. Ó tún gbójú sókè, ó tẹ ojú ìwé kan náà. Kò sí àṣìṣe kankan. Ó tẹ ìkejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó fẹ́ fi ṣe.

"Ti fàdákà yẹn ńkọ́, Màmá? N ó fún yín ní ẹ̀dínwó, n ó tún fi àpò àti máòsì lé e."

"Mo ní àpò. Mo ní máòsì. Èyí ni kí o dín."

"Èyí ò ní ẹ̀dínwó. Ọbẹ̀ tó dùn, Màmá."

"Owó ló pa á," Àǹtí Atẹ̀wé bá a parí rẹ̀, ó sì sanwó. Ó ka ìwé tí wọ́n fi dúró fún ẹ̀rọ náà fún ọdún mẹ́ta, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìlà ìkẹyìn. Èèyàn mẹ́rin ni ọlọ́jà ti dá lóhùn kó tó kà á tán.

Ìwọ̀nba ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ mọ.

Ó délé, ó gbé pósí sórí ibùsùn, ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Ó rántí iye tó rà á. Ó wo fèrèsé, ó rí eruku. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni. Ó rò ó pé ti àtijọ́ ṣì ń mí, kó kọ́kọ́ ṣe ìwọ̀nba tó bá lè ṣe, kí tuntun má baà tètè gbó. Ó dá a padà sínú ọ̀rá rẹ̀, ó dá ọ̀rá padà sínú páálí, ó fi àlòkù aṣọ wé páálí, ó gbé gbogbo rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́ jáde, etí òun náà á gbọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan ló fi tẹ̀wé lórí ẹ̀rọ oníbíríkì. Ìgbà mọ́kàndínlógún ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Ẹlẹ́rìí mẹ́rin péré ló parí, ó sì ń kó èyí tó bá parí sínú fláàṣì nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, nítorí àwọn méjì tó ṣègbé ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n. Lọ́yà pè é lórí fóònù.

"Àǹtí, ṣé ẹ ti ra ẹ̀rọ?"

"Mo ti rà á, sà."

"Ṣé ó dára?"

"Mi ò tíì rí àléébù kankan lára rẹ̀."

Òótọ́ ni, kò purọ́.

Lọ́jọ́ kẹtàlá, ẹlẹ́rìí karùn-ún ń sọ bí òjò ṣe ń rọ̀ sórí ibùsùn òun nígbà tí òórùn kan jáde lábẹ́ bọ́tìnnì. Ojú ẹ̀rọ ṣókùnkùn. Àǹtí Atẹ̀wé dúró dè é kó jí. Ó dúró títí ọwọ́ rẹ̀ fi tutù. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Ẹnjiníà, ẹni tó tú ìdí rẹ̀, tó wò ó, tó sì tún dé e láìfi irinṣẹ́ kan kàn án.

"Ó ti lọ, Màmá. Ṣùgbọ́n kí lẹ tún ń fi èyí ṣe? Níbo ni tuntun wà?"

"Ó wà ní kọ́bọ́ọ̀dù."

"Kí ló ń ṣe níbẹ̀?"

"Ó ń sinmi."

"Ó rẹ̀ ẹ́ ni?"

Àǹtí Atẹ̀wé ń ka síkúrù ìdí ẹ̀rọ tó kú náà.

Ẹnjiníà nu ọwọ́ rẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tí kò ní bí àgbàlagbà nínú. "Màmá, ọjọ́ mẹ́ta lẹ fi jókòó lẹ́nu ọ̀nà mi torí ẹ̀rọ yẹn. Lóòótọ́ ni mo pè é ní pósí. Mi ò ní kẹ́ ẹ lọ sin ín."

Àǹtí Atẹ̀wé dìde. "Ẹ ṣeun," ó ní. Ó fi òkú náà sílẹ̀ fún un, kó yọ ohun tó bá wúlò.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ, ó ku ẹlẹ́rìí méje. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tú aṣọ, ó tú páálí, ó ya ọ̀rá dànù kó má baà tún rí nǹkan dì í sí. Ó ti íápíìsì bọ etí, ó bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́rìí karùn-ún láti orí.

Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí di ìgbà tí wọ́n bá ń tan iná òpópó ló ń tẹ̀wé. Ẹ̀rọ náà kò gbóná. Kò pariwo. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tó kọ́kọ́ dà á láàmú, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ gbígbá lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá, tó jẹ́ àkókò tí ti àtijọ́ máa ń kú, ó gbé ọwọ́ kúrò, ó dúró. Ẹ̀rọ ń wò ó, òun náà ń wò ó. Nígbà tí kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ yà wò ó lọ́jọ́ kẹrin, ó béèrè ohun tí ẹ̀rọ olówó gọbọi náà ń ṣe.

"Kò ṣe nǹkan kan," ó ní. "Ohun tí mo rà nìyẹn."

Kò gbé tíì sún mọ́ ọn, bó ti wù kó mọ̀ pé ihò wà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbàgbọ́ ní ìwọ̀n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kọkànlélógún, ó gun àtẹ̀gùn báńkì pẹ̀lú ojú ìwé irínwó ó lé díẹ̀ nínú àpò. Lọ́yà kà mẹ́ta lórí ìnàró, ó jókòó, ó tún ka mẹ́wàá. Ó pe ẹni tó máa gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ẹ̀rọ yín ńkọ́?"

"Ó wà láàyè, sà."

"Kò kú rárá?"

Ó lè fi mọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń fo ìlà.

"Tuntun ò kú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ṣe iṣẹ́ yín lórí ti àtijọ́, tuntun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ti àtijọ́ ló kú."

"Kí ni tuntun ń ṣe ní kọ́bọ́ọ̀dù?"

"Mo tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀ kó má baà bàjẹ́."

Lọ́yà wò ó bí èèyàn ṣe ń wo ẹlẹ́rìí tó ń jẹ́rìí lòdì sí ara rẹ̀ láìsí ẹni tó fipá mú un. Ó fa dúrọ́ọ̀ kan, ó mú fláàṣì mìíràn jáde, kò sì tíì fi lé e lọ́wọ́.

"Ẹlẹ́rìí mẹ́sàn-án," ó ní. "Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Orí èwo?"

"Tuntun."

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́?"

"Láti òní."

Lọ́yà fa bébà kan, ó kọ ìlà mẹ́ta sí i pé orí ẹ̀rọ tuntun ni wọn yóò ti ṣe iṣẹ́ náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àti pé wọn kò ní tì í mọ́ ibì kankan. Ó tì í síwájú Àǹtí Atẹ̀wé. Àǹtí kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi àmì ohùn tó yẹ sórí ọ̀rọ̀ kan tí Lọ́yà gbàgbé láti fi sí, ó fọwọ́ sí i, ó mú fláàṣì náà, ó lọ sílé.